Ohun Tó Wà Lókè Kẹrosíìnì

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí Sherifat ń kọ́ ní yunifásítì n'Ílọrin, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń mú un làágùn, ìyẹn físíkàlì kẹ́místìrì. Èyí tó kù nínú kẹ́místìrì ò bà á lẹ́rù. Èyí tí wọ́n ń da nǹkan pọ̀ mọ́ nǹkan tí àwọ̀ ń yí padà, ó lè ṣe é lójú oorun. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ kìkì ìṣirò lórí ohun tí ojú ò rí, bí gáàsì ṣe ń ti ara ìkòkò tó wà nínú rẹ̀, bí ooru ṣe ń wọ inú nǹkan tó sì ń jáde, bí nǹkan olómi méjì ṣe ń hùwà tí wọ́n bá pàdé ara wọn, òun ló gbé e ṣubú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní kó padà wá tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Tó bá tún fìdí rẹmi, kó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà ààwẹ̀ ọdún 1995, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn lọ́sàn-án kí ebi má baà rí wọn mú, òun jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ l'Ọ́fà, lábẹ́ igi dongoyárò, pẹ̀lú ìwé ńlá kan tó yá. Ojú ọjọ́ gbóná bí inú ààrò. Ẹni tó bá ń kọjá á ní ọmọ yìí mà gbájú mọ́ṣẹ́ o. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ Sherifat ní ìwà kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀: ìdajì orí ìwé ló máa ń kà. Á ka ibi tí òfin wà, á há a sórí, á ṣe àpẹẹrẹ tó rọrùn, tó bá wá kan ibi tí ìṣirò ti gùn bí ọ̀nà oko, á ṣí i kọjá sí orí tó kàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń gboyè, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ti Sherifat ni kò bọ́ sí ibi tó dáa.

Orí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà dá lórí nǹkan olómi méjì tí a dà pọ̀. Òfin ibẹ̀ ò le. Gbogbo nǹkan olómi ló ń rán gáàsì sókè láti ojú ara rẹ̀, àwọn kan ń rán púpọ̀, àwọn kan ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rán rárá. Tí a bá wá da méjì pọ̀, oníkálukú á rán gáàsì tirẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí ìpín rẹ̀ nínú àdàpọ̀ náà bá ṣe tó. Èyí tí ìpín rẹ̀ kéré, gáàsì rẹ̀ á dín kù. Sherifat há a, ó ṣe àpẹẹrẹ kan, ó gbà á, inú rẹ̀ dùn. Ojú ewé ìṣirò tó tẹ̀ lé e, ó fi àtàǹpàkò ṣí i kọjá.

Ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò Owódé ń pè ní Ìyá Kamaldeen. Kẹrosíìnì ló ń tà, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun ra àbùlà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Lásìkò tí à ń wí yìí, epo wọ́n bí ojú. Ilé epo ò ní, àwọn tó ní ń fi pamọ́, àwọn ìyàwó ilé sì ń gbé ìgò òfìfo kiri láti àárọ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Kamaldeen, àkọ́bí ìyá náà, gbé dúrọ́ọ̀mù ńlá kan dé nínú píkọ́ọ̀pù láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tó ní ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé lòun ti rà á lọ́wọ́ awakọ̀ táńkà, àdúà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí. Kamaldeen ń ṣe àmín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni.

Ìyá rẹ̀ bu díẹ̀ nínú epo náà, ó fi pa àtẹ́lẹwọ́. Ó dúró. Ó tún pa á.

"Ó ń tutù lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ó sì ń tètè gbẹ. Kamal, kí ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù yìí tẹ́lẹ̀?"

"Màámi, ẹ̀yin náà mọ̀. Bẹntiróòlù tí mò ń tà fáwọn ọlọ́kadà ni. Mo ti dà á kúrò."

"Ṣé o dà á tán?"

"Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni. Kò tó nǹkan."

Ìyá náà wo àwọn tó tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wo dúrọ́ọ̀mù. Kò fẹ́ tà á, kò sì fẹ́ lé wọn. Ló bá ké sí ẹ̀yìnkùlé pé, "Sherifat! Ìwọ tó ń kọ́ nípa rẹ̀, wá bá wa wò ó."

Láti ọjọ́ tí Sherifat ti ń ru ìwé kẹ́místìrì wọlé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé kí lèyí wúlò fún. Orí rẹ̀ wú. Ó béèrè iye tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, Kamaldeen fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Ó fi bírò ṣe ìṣirò sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí kan, gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ó sì rí i pé ìpín bẹntiróòlù náà ò ju ìdá kan nínú ogún lọ. Òfin ti wà lórí rẹ̀, ó sọ ọ́ jáde bí ẹni tó ń ka kéwú.

"Bí ìpín rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni gáàsì rẹ̀ ṣe máa kéré tó. Díẹ̀ ni, màámi. Kò lè ṣe nǹkan kan."

"Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́hun!" obìnrin kan pariwo. "Ọmọ yunifásítì ti fọwọ́ sí i!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgò wọn sílẹ̀. Sherifat dúró díẹ̀ kí wọ́n lè rí òun dáadáa, ká má purọ́. Nígbà tó fẹ́ padà sí ẹ̀yìnkùlé, ó rí Kamaldeen tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré tí kẹrosíìnì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣẹ́ kù sí. Ó ní òun ń gbé e lọ fún Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, oyún àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ti wọ oṣù rẹ̀. Sherifat ò rò ó sí nǹkan kan nígbà náà.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó tún ṣí ìwé. Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn orí náà ló fẹ́ gbìyànjú. Wọ́n ní a da nǹkan olómi méjì pọ̀ sínú ìgò kan, ìgò náà ò kún, wọ́n wá béèrè pé kí ló wà nínú òfìfo tó wà lókè rẹ̀. Sherifat fi òfin rẹ̀ sí i, kò já sí ibì kankan. Ó tún un ṣe, ó kọ̀. Tìbínú-tìbínú ló fi padà sí ojú ewé tó ti ṣí kọjá.

Ohun tó wà níbẹ̀ ò tilẹ̀ le. Ohun tó wà lókè kì í jọ ohun tó wà nísàlẹ̀, kókó rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan olómi tí kì í fẹ́ fò lọ, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò ní rán nǹkan kan gbòógì sókè. Èyí tó máa ń fò lọ, bó ti wù kó kéré tó, òun nìkan ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo òfìfo náà kan. Sherifat kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó gbójú sókè, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń sọ fún oníbàárà kan pé kó di ìdérí ìgò rẹ̀ dáadáa.

Ó mú bírò. Ó fi kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù rọ́pò ti inú ìwé, ìdá kan nínú ogún yẹn náà ló lò. Nígbà tó ṣe é tán, ó ní irọ́ ni, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Kò yí padà. Nínú òfìfo orí epo náà, bẹntiróòlù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀ tán. Ó wá ń rò ó: ikùn sítóòfù tó dé ìdajì, ooru tó mú gan-an lọ́dún yẹn, òwú tó so mọ́ ẹnu rẹ̀, àti obìnrin kan tó tẹríba sórí rẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná.

Síbẹ̀, kò fẹ́ gbà. Ó wá ìdérí agolo wàrà méjì. Ó lọ da kẹrosíìnì àtijọ́ inú àtùpà wọn sínú ọ̀kan, ó ro ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù sínú èkejì, ó sì gbé méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé. Ó ṣá ìṣáná, ó kì í bọ ti àtijọ́. Iná náà kú fẹ́ú bí ẹni kì í bọ omi. Ó ṣá òmíràn, ó nà án sí èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì débẹ̀ tí iná fi fò sókè wá pàdé rẹ̀.

Sherifat sọ ìṣáná nù. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tó máa ń mú èèyàn wo ẹ̀yìn. Dúrọ́ọ̀mù ti ṣófo. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wọ ilé onílé, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, tí ìṣínu bá kù díẹ̀, kò sí ilé tí wọn ò ní ṣáná.

Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá náà ò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kó tún un sọ. Sherifat mú un lọ sẹ́yìn ògiri, ó ṣe é lójú rẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá Lèmọ́mù, màámi. Kí wọ́n kéde ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí kó tó di Alásárì. Gbogbo àdúgbò á gbọ́."

"Kí wọ́n kéde kí ni?" Ohùn Kamaldeen nìyẹn. Ó ti dé, ó sì ti gbọ́. "Pé ìyá mi ta bọ́ǹbù fáyé? Nínú ààwẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù yìí ti tán nìyẹn. Sherifat, ebi ń pa ẹ́, oòrùn sì ti wọ̀ ẹ́ lórí. Ìwọ náà lo sọ láàárọ̀ pé ó dáa."

"Mo ṣì í, bọ̀dá."

"O ṣì í láàárọ̀, o ò wá lè ṣì í lọ́sàn-án?"

Sherifat wò ó lójú. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Bọ̀dá Kamal, tó bá dáa, kí ló dé tó fi jẹ́ kẹrosíìnì àtijọ́ lẹ gbé lọ fún ìyàwó yín?"

Ìyá wọn yí ojú sí i. Kamaldeen kàn jáde lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tó ń fi ohùn òkè sọ pé kẹrosíìnì ìyá òun dáa bí oyin, pé ìwé ló fẹ́ da àbúrò òun lórí rú. Àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Kamaldeen dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí. "N ò lè gbé ẹ̀mí èèyàn sọ́rùn," ó ní. "Àmọ́ n ò ní jẹ́ kí wọ́n fi mí ké ní mọ́ṣáláṣí. Mo mọ gbogbo ẹni tó rà á. Ojúlé dé ojúlé la ó lọ."

Sherifat mọ̀ pé ìkéde ló dáa jù. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì tẹnu mọ́ ọn, torí pé ìtìjú ìyá rẹ̀ náà ni ìtìjú tirẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ Sherifat, tó bá kún á padà lọ rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, ìyá rẹ̀ ń ṣáájú. Iṣẹ́ burúkú ni kéèyàn máa gba epo padà lọ́wọ́ ẹni tó ti wá a fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Àwọn kan gbé e jáde láìjiyàn. Àwọn kan ní irọ́ ni, wọ́n ní Ìyá Kamaldeen ti rí ẹni tó fẹ́ rà á ní iye tó ju tiwọn lọ, kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Obìnrin kan ti rọ ọ́ sínú sítóòfù, ìṣáná sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀; Sherifat já a gbà, ó sì da epo inú sítóòfù náà sórí yanrìn, obìnrin náà bú u títí wọ́n fi kúrò lágbàlá. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ ò yàtọ̀: "Kamaldeen ṣáà ní ó dáa." Oòrùn ń rẹlẹ̀, òjìji ilé ti gùn débi ọ̀nà, òórùn àkàrà ìṣínu sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilé àwọn tó ń fi igi dáná. Gbogbo ìgbà tí Sherifat bá gbọ́ tí nǹkan kan bá dún, á dúró wo ẹ̀yìn.

Wọ́n parí rẹ̀ níkẹyìn. Ìyá rẹ̀ ka orúkọ wọn lẹ́nu, kò sí èyí tó kù. Sherifat gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló rí i tí ojú ìyá rẹ̀ yí padà.

"Sàárà," ìyá náà ní.

"Sàárà wo, màámi?"

Àṣà tirẹ̀ ni. Tí dúrọ́ọ̀mù tuntun bá dé, gálọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ kì í ṣe títà. Á fi ṣe sàárà fún aláìní kan, kò sì ní sọ ẹni náà fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀san rẹ̀ má baà dín kù. Láàárọ̀ yẹn, kó tó ta ẹyọ ìgò kan, tí Sherifat ti padà sídìí ìwé, ó ti fi ìborùn bo gálọ́ọ̀nù náà, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ fún Ìyá Àbẹ̀ní, opó àáfà tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Kì í ṣe oníbàárà, kò sì sí lára àwọn tí ìyá náà ń kà lẹ́nu.

Wọ́n sáré débẹ̀. Ìyá Àbẹ̀ní jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi ń jó lábẹ́ ìkòkò. Ara Sherifat balẹ̀ nígbà tó rí igi náà. Ìyá rẹ̀ béèrè gálọ́ọ̀nù àárọ̀ yẹn.

"Mo gbà á, mo sì ṣàdúà fún ẹ," ìyá àgbà náà ní. "Ṣùgbọ́n kí ni n ó fi ṣe? N ò ní sítóòfù. Ìyàwó yín wá kí mi lọ́sàn-án, ó ń mí hẹlẹ, ojú ẹ̀ ti pọ́n fún èéfín igi tó fi dáná sààrì. Mo ní kó gbé e. Mo ní kó má fi í pamọ́ o, kó rọ ọ́ sórí èyí tó bá ní, kó fi se oúnjẹ ìṣínu ọkọ ẹ̀ lónìí gan-an, kí ìbùkún sàárà lè bá a dé orí ìkúnlẹ̀."

"Ìyàwó wa wo?" Ìyá Kamaldeen béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Àṣàkẹ́ náà ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá Kamaldeen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Sherifat ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó fi eré sí i. Ilé Kamaldeen wà ní òdìkejì ojú irin réluwé, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló sì máa gbà kọjá. Kamaldeen ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá! Sàárà màámi wà lọ́wọ́ Àṣàkẹ́. Látinú dúrọ́ọ̀mù ni. Ó fẹ́ fi dáná!"

Kamaldeen ò bi í ní ohunkóhun. Ohun tó jẹ́ kí Sherifat mọ̀ pé ó ti mọ̀ láti àárọ̀ nìyẹn, pé ó mọ̀ ju òun alára tó ń ṣe ìṣirò lọ. Ó fò dìde, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ń sáré, ó ń ké pé, "Ẹ má ṣáná o! Ẹ bá mi sọ fún Àṣàkẹ́ kó má ṣáná!" Àwọn ọ̀dọ́ tó ti pa lẹ́rìn-ín láti ọ̀sán ń wò ó, wọ́n rò pé àwàdà náà ṣì ń lọ.

"Kamal, ṣé kò wá dáa bí oyin mọ́ ni?" ọ̀kan nínú wọn kígbe, gbogbo wọn sì tún bú sẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tó dìde.

Àwọn méjèèjì ti dé ojú irin nígbà tó dún. Kò dún bí àrá. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá gbá ilẹ̀kùn páànù dé pẹ̀lú ìbínú, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, igbe obìnrin sì tẹ̀ lé e.

Àṣàkẹ́ ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde sí àgbàlá kí wọ́n tó dé. Ó jókòó síbi àmù, aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń sunkún ń bu omi sí i lára. Iná náà ti jẹ aṣọ rẹ̀ níwájú. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn, kò jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Ojú rẹ̀ ti wú dí. Èéfín dúdú ń jáde láti inú ilé ìdáná.

Sherifat kúnlẹ̀ sínú omi náà. "Ìyàwó."

"Akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?" Bí Àṣàkẹ́ ṣe máa ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ bá mi fọwọ́ kan ikùn mi."

Sherifat gbé ọwọ́ lé e, ó ń retí kí ọmọ náà mira. Omi ń ṣàn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò lè mọ̀ bóyá nǹkan mira tàbí kò mira. "Èmi ni mo fà á, ìyàwó," ó ní. "Èmi ni mo sọ pé ó dáa."

Àṣàkẹ́ mi orí, bí ẹni tí kò ráyè fún ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Ohun mìíràn ló ń dà á láàmú.

"Ẹ bá mi bẹ bọ̀dá yín," ó ní. "Wọ́n ní kí n fi ti inú kẹ́ẹ̀gì nìkan dáná, n ò gbọ́, mo lọ rọ òmíràn lé e. Mo ti ba sítóòfù wọn jẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé."

Kamaldeen ló dúró níwájú rẹ̀ yẹn, níbi tí ọwọ́ tó nà síta fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.